Ojú Ọmọ Kò Ṣeé Fi Dọ̀la

Nílé Yorùbá, ìyá àgbà ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí i. Òun ló ń wẹ ọmọ láàárọ̀ àti lálẹ́. Òun ló ń tẹ́ ẹ sórí itan, tó ń nà án lápá, tó ń nà án lẹ́sẹ̀, tó ń fi òrí pa á lára, tó sì ń kì í bó ṣe ń wò ó lójú. Bí nǹkan kan bá funfun ní àárín gbùngbùn ojú ọmọ náà, níbi tó yẹ kó dúdú, ìyá àgbà ni yóò kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀. Ó lè pe ìyá ọmọ kó wá wò ó. Ó sì lè dákẹ́, kó má baà dá jìnnìjìnnì sílẹ̀ nínú ilé tí wọn kò tíì palẹ̀ àga ìkómọ mọ́. Ọmọ kò sunkún, ara rẹ̀ kò gbóná, ó ń mu ọmú dáadáa. Síbẹ̀, láti ọjọ́ yẹn lọ, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí yóò kọjá láìmú díẹ̀ lọ nínú ìríran rẹ̀.

Funfun yìí ló sábà máa ń jẹ́ ohun tí àwọn dókítà ń pè ní kátáráàtì. Ó ṣeé yọ lójú ọmọdé. Àwọn dókítà tó mọ iṣẹ́ náà wà ní Nàìjíríà, wọ́n sì ń ṣe é. Ohun tó ń sọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí di afọ́jú títí ayé ni iye ọjọ́ tó kọjá láàárín ìgbà tí ará ilé rí funfun náà àti ìgbà tí ọmọ wọ tíátà. Ọjọ́ wọ̀nyí la lè dín kù, ó sì wà lọ́wọ́ wa.

Awò kékeré kan wà lẹ́yìn ọmọlójú, tó mọ́ gaara. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá lọ sí ẹ̀yìn ẹyinjú, kí iṣan ojú tó gbé e lọ sínú ọpọlọ. Nígbà tí awò náà bá di funfun, ìmọ́lẹ̀ kò rí ọ̀nà gbà mọ́. Ojú àwọn àgbà la ti mọ àìsàn yìí jù. Bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún tó ní kátáráàtì lè dúró fún ọdún mẹ́ta, títí àwọn ọmọ yóò fi fi owó ránṣẹ́ láti Èkó tàbí láti ìlú òyìnbó. Lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ, wọ́n á ṣí báńdéèjì, bàbá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn èèyàn lórúkọ. Láti kékeré ni ọpọlọ bàbá ti mọ bí wọ́n ṣe ń ríran. Ọmọ jòjòló kò tíì kọ́ ọ, ọpọlọ rẹ̀ sì ní ìgbà tó fi ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Tí ìgbà yẹn bá kọjá, ojú lè ṣí kó má ríran.

Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, David Hubel àti Torsten Wiesel, fi ọmọ ológbò wádìí ọ̀rọ̀ yìí láti àwọn ọdún 1960. Wọ́n rán ìpéǹpéjú ojú kan pa fún ọmọ ológbò nígbà tó ṣì kéré, wọ́n sì tú u lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ẹyinjú náà kò ní àbùkù kankan, ìmọ́lẹ̀ sì ń wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ológbò náà kò lè fi í ríran. Ojú kejì ti gba ààyè rẹ̀ nínú ọpọlọ. Nígbà tí wọ́n ṣe bákan náà fún ológbò tó ti dàgbà, kò pa á lára. Ẹ̀bùn Nobel tí wọ́n gbà ní 1981 kò ṣẹ̀yìn iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ yìí náà ló sì fà á tí dókítà ojú ọmọdé fi máa ń kánjú. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ni kátáráàtì bò biribiri láti inú oyún, wọ́n fẹ́ kí wọ́n ti yọ ọ́ kí ọmọ tó kọjá nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bó bá jẹ́ méjèèjì ni, wọn kì í fẹ́ kó ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá lọ. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹyinjú ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ sọ́tùn-ún lọ sósì láìdúró. Ojú tó bá ti ń gbọ̀n báyẹn kò rí ibi kan tẹjú mọ́ dáadáa mọ́, bí iṣẹ́ abẹ tilẹ̀ yọrí sí rere.

Ẹ fi ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí wé káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ní Nàìjíríà. Ọjọ́ tí wọ́n bí i, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá. Ìyá ti gbé ọmọ pọ̀n, ó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú nọ́ọ̀sì, ní ọ̀sẹ̀ tó yẹ kí wọ́n wo ojú ọmọ náà gan-an. Wọ́n á wọn ọmọ wò, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́ nítan, wọ́n á kọ ọjọ́ tí yóò padà wá sínú káàdì, ìyá á sì pọn ọmọ rẹ̀ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ńtà wa, kò sí ẹni tó wo ojú ọmọ náà. Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọ̀nà tó jìn jù lọ, láti ilé dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera, ìyá ti rìn ín tán.

Ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé lò fún ọ̀pọ̀ ọdún ni pé nǹkan bí mílíọ̀nù 1.4 ọmọdé ló fọ́jú káàkiri ayé, àti pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ń gbé ní àwọn ibi tó tálákà jù ní Áfíríkà àti Éṣíà. Nígbà tí wọ́n dá ètò VISION 2020 sílẹ̀ ní 1999 láti gbógun ti ìfọ́jú tó ṣeé dènà, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé wà lára ohun tí wọ́n fi ṣáájú. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Ọmọ tó fọ́jú ní oṣù mẹ́ta ṣì lè lo àádọ́ta tàbí ọgọ́ta ọdún nínú òkùnkùn.

Kí ló wá ń dá àwọn ọmọ tó ní kátáráàtì dúró nílé? Ẹ lọ jókòó sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń retí dókítà ní ilé ìwòsàn ojú ńlá èyíkéyìí, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá fúnra wọn. Ọ̀kan á ní bàbá ọmọ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Òkè Ọya, kò sì sí ẹni tó lè pàṣẹ kí wọ́n gbé ọmọ lọ fún iṣẹ́ abẹ bí òun kò bá dé. Òmíràn á ní ìyá ọkọ òun sọ pé irú ojú bẹ́ẹ̀ wà nínú ìdílé wọn, pé bó bá gbó á lọ. Àwọn kan ti kó gbogbo owó ọwọ́ wọn ná sórí àgbo àti ìwẹ̀ kí wọ́n tó wá. Àwọn kan wà ní ilé àdúrà fún oṣù mélòó kan. Mo bọ̀wọ̀ fún àdúrà, mo sì mọ ọ̀pọ̀ pásítọ̀ àti ààfáà tó ń sọ fún àwọn èèyàn wọn pé kí wọ́n gbé ọmọ lọ sọ́sibítù kí wọ́n máa gbàdúrà lọ. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló wà tí wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó burú jù ni ti ìyá tó ti lọ sí ilé ìwòsàn tipẹ́, tí òṣìṣẹ́ ìlera níbẹ̀ wá sọ fún un pé, "Ẹ lọ fara balẹ̀, ọmọ yín ṣì kéré jù fún iṣẹ́ abẹ. Ẹ gbé e padà wá tó bá pé ọdún kan." Ìyá náà ṣe gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe, wọ́n sì fi ìmọ̀ tí kò kún tó dá a padà. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa kátáráàtì àgbàlagbà ni wọ́n gbé lé ọmọ ọwọ́ lórí.

Wọ́n ti wádìí irú ìdádúró báyìí ní Tanzania, ní agbègbè Kilimanjaro. Wọ́n rí i pé àwọn tí ilé wọn jìnnà sí ilé ìwòsàn àti àwọn tí ìyá wọn kò kàwé púpọ̀ ló ń pẹ́ jù, àti pé ẹni tó ní àṣẹ nínú ilé ṣe kókó. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà àti Éṣíà, wọ́n tún rí i pé àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń gbé wá fún iṣẹ́ abẹ kò tó àwọn ọmọkùnrin. Kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ bóyá ilé tirẹ̀ kò sí lára wọn.

Kò sí ẹni tó lè sọ ohun tó fa gbogbo kátáráàtì ọmọdé. Òmíràn ń bá ìdílé rìn. Nítorí náà, bí ọmọ kan bá ní i, kí wọ́n wo ojú àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀. Òmíràn wà tí wọn kò rí ìdí rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí a mọ̀ dunjú, tó sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tirẹ̀, ìyẹn rùbẹ́là.

Norman Gregg, dókítà ojú ní ìlú Sydney ní Ọsirélíà, ló tú àṣírí rẹ̀. Ní 1941, ó ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń gbé wá pẹ̀lú kátáráàtì ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Òun àti àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìtàn ọmọ 78 jọ. Ìyá 68 nínú wọn ló sọ pé rùbẹ́là mú òun nígbà tí oyún ṣì kéré, torí àìsàn náà ti jà káàkiri orílẹ̀-èdè wọn lọ́dún tó ṣáájú. Títí di ìgbà yẹn, àìsàn tí kò ní láárí ni gbogbo ayé ka rùbẹ́là sí. Ara á gbóná díẹ̀, nǹkan wẹ́wẹ́ á sú sí ara, ó di ọjọ́ mẹ́ta ó ti lọ. Aláboyún lè má tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣe òun. Bó bá mú un nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ oyún, ó lè wọlé tọ ọmọ inú rẹ̀ lọ kó ba ojú, etí àti ọkàn rẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń yẹ ọkàn àti etí ọmọ tó ní kátáráàtì wò pẹ̀lú.

Abẹ́rẹ́ rùbẹ́là jáde ní 1969. Ní 2015, wọ́n kéde pé gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti Kánádà dé Ajẹntínà, ti lé rùbẹ́là tó ń ràn láàárín wọn lọ. Abẹ́rẹ́ èéyí lásán, tí kò ní ti rùbẹ́là nínú, ni Nàìjíríà ń fún àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Oṣù kẹwàá 2025 ni orílẹ̀-èdè wa tó bẹ̀rẹ̀ ìpolongo abẹ́rẹ́ tó so èéyí àti rùbẹ́là pọ̀. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé. Nígbà tí àwọn alájẹsára bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ má fi wọ́n ṣeré. Ọmọbìnrin tó gbà á lónìí ń dáàbò bo ojú ọmọ tí yóò bí lọ́jọ́ iwájú, ọmọkùnrin tó gbà á kò sì ní kó àìsàn náà ran aláboyún tó wà nílé kejì.

Èéyí náà ń fọ́ ojú, ṣùgbọ́n iwájú ẹyinjú ló ń bà jẹ́ ní tirẹ̀, pàápàá lára ọmọ tí kò rí oúnjẹ tó ní fítámì A jẹ. Epo pupa, ẹ̀fọ́ àti mángòrò kò wọ́n wa lágbègbè yìí. Oògùn fítámì A tí wọ́n ń kán sẹ́nu ọmọ láti oṣù mẹ́fà, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún títí yóò fi pé ọdún márùn-ún, kì í ṣe ohun tó yẹ kó kọjá ọmọ kankan. Bí ojú ọmọ tuntun bá sì ń ṣe ìpin lọ́jọ́ mélòó kan sí ìgbà tí wọ́n bí i, ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni. Láti nǹkan bí 1880 ni Carl Credé ti fi hàn ní Leipzig, ní Jámánì, pé kíkán oògùn sójú ọmọ ní kété tí wọ́n bá bí i lè fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ìfọ́jú tó ń ti ibẹ̀ wá lọ pátápátá. Oògùn tó yẹ lónìí wà nílé ìwòsàn. Ọmú, ìtọ̀, omi àlùbọ́sà àti omi ewé kò gbọdọ̀ kan ojú ọmọ. Àwọn tó ń kiri pẹ̀lú abẹ́rẹ́ láti ti awò ojú sísàlẹ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn rárá. Ìwádìí ìfọ́jú tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé èyí tó pọ̀ jù nínú ojú àwọn àgbà tí irú wọn fọwọ́ kàn ló fọ́. Ní ti pàṣán, kànnàkànnà àti báńgà ọdún Kérésìmesì, gbogbo dókítà ojú ló ti rí ọmọ tí wọ́n dá kátáráàtì sí lójú ní ìṣẹ́jú kan. Olùkọ́ tó ń na ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé ojú wà lórí.

Bí wọ́n ṣe ń wá kátáráàtì lójú ọmọ ọwọ́ kò le. Wọ́n á ti fèrèsé kí yàrá ṣú díẹ̀. Ìyá á gbé ọmọ lé itan, ó dára kí ọmọ máa mu ọmú lọ. Nọ́ọ̀sì á gbé iná kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ophthalmoscope sí ojú ara rẹ̀, á sì tàn án sí ojú ọmọ méjèèjì láti nǹkan bí ìgbọ̀nwọ́ kan. Ọmọlójú á pọ́n, bí ojú ẹran ṣe ń pọ́n nígbà tí iná mọ́tò bá tàn sí i lóru. Lójú àwọn ọmọ tiwa, pípọ́n náà lè ṣú díẹ̀, kó pọ́n bí epo. Ohun tí nọ́ọ̀sì ń wò ni pé kí méjèèjì rí bákan náà. Bí ọ̀kan bá pọ́n tí èkejì dúdú kirikiri, tàbí tí funfun bá wà láàárín rẹ̀, ọmọ náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ní Yunifásítì St Andrews ní Scotland, wọ́n ti ṣe irú iná yìí tó wọ àpò, tó ń fi oòrùn gba agbára, tí owó rẹ̀ sì kéré gan-an sí ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n pè é ní Arclight. Gbogbo sẹ́ńtà abẹ́rẹ́ àjẹsára ló yẹ kó ní irú rẹ̀.

Ìdí mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọdọ̀ dúró wo funfun ojú ọmọ níran. Jẹjẹrẹ kan wà tó ń mú ẹ̀yìn ojú àwọn ọmọdé, funfun bẹ́ẹ̀ náà ni òun pẹ̀lú ń hàn. Nígbà mìíràn inú fọ́tò tí wọ́n fi fóònù yà lálẹ́ ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ rí i, ojú kan pọ́n, ojú kejì funfun báláú. Kátáráàtì ń gba ojú, èyí ń gba ẹ̀mí. Dókítà nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Oògùn oorun ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ, àwọn òbí sì máa ń bẹ̀rù rẹ̀ ju ọ̀bẹ lọ. Ẹ̀rù náà tọ́, ìdí rẹ̀ nìyí tó fi yẹ kó jẹ́ ilé ìwòsàn tó ní àwọn tó mọ fífún ọmọdé ní oògùn oorun. Awò ojú ọmọ rọ̀, fífà ni wọ́n ń fà á jáde. Wọ́n sì máa ń ṣí awọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú, torí lójú ọmọdé awọ náà kì í pẹ́ kó tó tún ṣú. Fún ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀, wọ́n á fi awò àtọwọ́dá sí i. Harold Ridley ló kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ sójú èèyàn, ní London ní 1949. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ti ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tó di Gánà lónìí, ó sì ṣèwádìí níbẹ̀ lórí àrùn tó ń fọ́ ojú àwọn ará etídò. Fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù méje, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú ọmọ 114 fi hàn pé fífi awò náà síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kò mú kí ó ríran jù, iṣẹ́ abẹ mìíràn ló sì ń bí. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń kọ́kọ́ lo gíláàsì.

Ibi tí gíláàsì bá dé ni iṣẹ́ ìyá ti ń bẹ̀rẹ̀. Gíláàsì náà nípọn, wọ́n á fi rọ́bà dè é yí orí ká. Ọmọ á já a sọ nù. Ìyá á tún un wọ̀. Ọmọ á tún já a. Nínú dáńfó, ẹni tí kò bá a tan á bi í pé, "Ìyá ọmọ, kí lẹ fi gíláàsì sójú ọmọ kékeré yìí sí?" Bó bá jẹ́ ojú kan ni wọ́n ṣe, ó tún gbọ́dọ̀ máa lẹ nǹkan bo ojú tó dára fún wákàtí mélòó kan lójúmọ́, kí ojú tí wọ́n ṣe lè ṣiṣẹ́. Ọmọ á sunkún, torí ojú tó fi ń ríran ni wọ́n dí. Ìyá ni yóò fara da ẹkún náà, ojoojúmọ́, fún ọdún púpọ̀. Ojú ọmọ ń dàgbà, gíláàsì á máa yí padà, wọ́n á sì máa wọn ìfúnpá inú ẹyinjú rẹ̀ wò torí pé ó lè ga lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ètò tó bá san owó tíátà tí kò ronú nípa gíláàsì kẹta àti owó ọkọ̀ ìgbà kẹwàá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìdajì. Bàbá ọmọ pẹ̀lú kò gbọdọ̀ jókòó máa wo ìyàwó níran.

Àwọn ọmọ tó ti pẹ́ ńkọ́? Ní 1688, William Molyneux kọ lẹ́tà sí John Locke, onímọ̀ ọgbọ́n orí, pé bí wọ́n bá la ojú ẹni tí wọ́n bí ní afọ́jú, ṣé yóò fi ojú nìkan dá ohun tó ti ń fi ọwọ́ kàn mọ̀? Pawan Sinha, ọmọ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, dá ètò kan tí wọ́n ń pè ní Prakash sílẹ̀, tó ń wá àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní afọ́jú kiri àwọn abúlé Íńdíà kí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Ní 2011, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dáhùn ìbéèrè Molyneux nínú ìwé tí wọ́n kọ lórí márùn-ún nínú wọn, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún mẹ́jọ sí mẹ́tàdínlógún. Bí wọ́n ṣe ṣí ojú wọn, wọn kò lè fi í dá ohun tí ọwọ́ wọn ti mọ̀ mọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá a mọ̀. Ìríran wọn kò lè dà bí ti ọmọ tí wọ́n tètè ṣe, ṣùgbọ́n ọmọ tó lè rí ẹnu ọ̀nà, tó lè rí mọ́tò tó ń bọ̀, tó sì lè ka lẹ́tà gàdàgbà, ayé rẹ̀ ti yàtọ̀. Láti 1962 ni ilé ẹ̀kọ́ Pacelli ti wà ní Sùúrùlérè fún àwọn ọmọ tí kò ríran àti àwọn tí ìríran wọn kò tó, mo sì kan sáárá sí àwọn olùkọ́ irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ kankan tó wọ ibẹ̀, kí dókítà ojú ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ní Bangladesh, wọn kò jókòó de àwọn òbí. Wọ́n kọ́ àwọn ará àdúgbò fúnra wọn láti wá ọmọ tí ojú rẹ̀ kò dára, wọ́n sì rí ọmọ 1,935 tó fọ́jú tàbí tí ìríran rẹ̀ kò tó nǹkan. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn, awò inú ojú ló ní àìsàn, kátáráàtì tí wọn kò tíì ṣe ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Àwa náà ní àwọn tó lè ṣe é. Agbẹ̀bí ìbílẹ̀ wà, ìyá ìjọ wà, ìyálọ́jà wà, olùkọ́ jẹ́lésinmi wà. Ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ ló sì ṣáájú gbogbo wọn.

Bí ẹ bá gbé ọmọ lọ fún abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì bá yín wo ojú rẹ̀. Ẹ sọ fún un bóyá ọmọ ń tẹjú mọ́ yín nígbà tó bá ń mu ọmú. Tó bá kọjá oṣù mẹ́ta tí kò tíì máa fi ojú tẹ̀ lé yín, tàbí tí ẹyinjú rẹ̀ ń gbọ̀n, tàbí tí ojú kan kọjú síhìn-ín tí èkejì kọjú sọ́hùn-ún, ẹ má gbé e padà sílé. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ó ti kéré jù, ẹ rọra bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí ẹ̀ka ojú ní UCH Ìbàdàn, ní LUTH Èkó, ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni Ifẹ̀ tàbí ti Ìlọrin, èyí tó bá sún mọ́ yín. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gba ìwé náà.